Èwo Ni Kí A Rà fún Ọkọ̀ Ìpẹja Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú òkun ni, bẹ́ẹ̀ ni Àkúrẹ́ tí mo ń gbé kò ní òkun, Oǹdó tí a bí mi sí kò sì ní in. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ẹja tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá, níbo ni ó ti wá? Bí kì í bá ṣe ẹja inú yìnyín tí a kó wá láti òkè òkun, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ni ó ti wá, tí ó gba Igbókòdá, tí ó gba Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀, tí ó dé Oǹdó kí ó tó wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ọwọ́ obìnrin ni ó ń bọ́ sí. Obìnrin ni ó ń gbà á ní etí omi, obìnrin ni ó ń yan án, obìnrin ni ó ń tà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé owó àjọ obìnrin ni a fi ra pákó ọkọ̀, tí a fi ra àwọ̀n, tí a sì fi san lára owó ẹ́ńjìnnì Yamaha tí ń tì í lọ sójú òkun.

Èmi náà wà lára wọn. Ẹja yíyan ni òwò mi. Àbúrò ọkọ mi ni apẹja. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti máa ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ó gòkè wá bá mi ní Àkúrẹ́, ó jókòó, ó jẹun tán, ó wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé: "Ìyàwó wa, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń lo ẹ̀rọ tí ń fi ẹja hàn. Èmi nìkan ni mo ṣì ń fi ojú lásán wá ẹja. Ẹ bá mi rà á, n ó máa fi ẹja san án."

Owó kan wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ fún oṣù kìn-ín-ní sì ni mo dájọ́ rẹ̀ fún. Ẹ̀yin náà mọ irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n ṣe ìwádìí, nítorí ohun tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò lè mọ̀ bóyá ó tó owó tí a ń pè é. Ìyá mi ní Oǹdó, tí òun náà ti ta ẹja títí tí ó fi darúgbó, kò bèèrè iye rẹ̀ rárá nígbà tí mo sọ fún un. Ohun tí ó bèèrè ni pé: "Ṣé yóò máa mú un délé?" Mo fi ìbéèrè yìí sí ọkàn bí mo ti ń wádìí, òun ni ó sì jẹ́ kí n mọ èyí tí ó yẹ kí n rà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ méjì ni a dì sínú àpótí kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn onítajà ń pè ní fish finder; èmi yóò máa pè é ní afẹjahàn. Èkejì ni GPS. Iṣẹ́ wọn kò jọra. Afẹjahàn ń wo ìsàlẹ̀ omi, GPS ń gbọ́ ohùn láti òkè.

Ìró ni afẹjahàn fi ń ríran. Ó ní ohun kékeré kan tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ó lè wà nínú omi. Transducer ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ẹ̀rọ ni ó tẹ́ mi lọ́rùn láti máa pè é. Yóò rán ìró sísàlẹ̀. Ìró náà yóò kan ilẹ̀ òkun tàbí kí ó kan ẹja, yóò sì padà bọ̀. Nínú omi òkun, ìró ń sáré tó nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ náà yóò ṣírò àkókò tí ìró fi lọ tí ó fi bọ̀, yóò sì kọ ọ́ síta bí omi ti jìn tó, àti bóyá ohun kan wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ìlú Nagasaki ní ilẹ̀ Japan, àwọn ará Furuno, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tà fún àwọn apẹja, ní ọdún 1948. Ó ti pẹ́ láyé, a kò lè pè é ní idán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń la ikùn ẹja, ẹ ti rí àpò funfun kan tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ máa ń tọrọ láti fi ṣeré. Àpò yẹn ni ó ń dá ìró padà jù lọ. Apọ̀, tí àwọn onílé-oúnjẹ ń pè ní croaker, ní àpò tí ó tóbi, òun náà ni ó sì fi ń kùn nínú omi. Nítorí náà ó máa ń hàn dáradára. Títù tí a ń rà nínú yìnyín kò ní in rárá. Bí ẹ bá rò pé mo ń parọ́, ẹ wo inú èyí tí ẹ bá tún rà. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ, àní bí ó bá pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tí onítajà kì í sọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni afẹjahàn lásán ń wò. Bí omi bá jìn ní mítà 10, tí ìró tí ń jáde bá sì ní ìwọ̀n dígíríì 20, ibi tí ó ń rí ní ilẹ̀ omi kò ju mítà mẹ́ta àtààbọ̀ ní ìbú lọ. Yàrá kan ni ìyẹn nínú ilé tí a ń háyà. Ẹ ro ó bí ẹni tí ó ń wá ọmọ tí ó sọnù ní Àkúrẹ́ lóru, tí fìtílà rẹ̀ kò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ju yàrá kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwúlò wà fún fìtílà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀nà ìlú ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣáwá etí òkun tiwa: òkè omi ni ó ń gbé ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ẹ̀rọ kì í sì í rí ohun tí ó bá sún mọ́ ojú omi jù. Ẹyẹ tí ń fò kiri àti omi tí ń họ ni àwọn apẹja fi ń mọ ibi tí ó wà, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹrẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù ní ilẹ̀ òkun àwọn Ìlàjẹ. Ẹrẹ̀ rírọ̀ kì í dá ìró padà bí àpáta, nítorí náà ìlà ilẹ̀ kì í nípọn lójú ẹ̀rọ níbẹ̀ bí ó ti rí nínú àwòrán ìpolówó.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, n kò bá má fọwọ́ kan owó ọmọ nítorí rẹ̀. GPS ni ó yí mi lọ́kàn padà.

Mo ti bá wọn dúró ní etí omi rí, ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Ọkọ mi kékeré àti àwọn mẹ́ta tí ó kó lẹ́yìn ti lọ láti ìdájí, ó yẹ kí wọ́n ti dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo ojú òkun tí a kò fi rí ohunkóhun. Aya rẹ̀ pọn ọmọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí pákó tí a fi ṣe afárá. Àwọn ìyá àgbà tan àtùpà, wọ́n gbé e sókè. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn kan àtàrí kí a tó rí wọn, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ń fà wọ́n bọ̀. Wọ́n ti kọjá abúlé wọn lóru láìmọ̀, pẹtiróòlù sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹja tí wọ́n pa ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ni GPS. Sátẹ́láìtì rẹ̀ lé ní 24, wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, ẹ̀rọ ọwọ́ wa sì ń gbọ́ ohùn wọn láti mọ ibi tí a wà. Nítorí àwọn ológun ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ètò náà pé pérépéré ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn tí ó wà fún ará ìlú rú, tí ó fi lè ṣì tó 100 mítà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìdàrúdàpọ̀ náà dúró, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti lè mú ènìyàn dé ẹ̀bá òpó àwọ̀n rẹ̀. A kì í san owó oṣù fún un, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Apẹja yóò tẹ bọ́tìnnì ní èbúté kí ó tó lọ. Ẹ̀rọ yóò máa fa ìlà sí ọ̀nà tí ó gbà. Bí kùrukùru bá dé, yóò tẹ̀lé ìlà náà padà. Púpọ̀ nínú wọn tún ní bọ́tìnnì kan tí a ń tẹ̀ bí ènìyàn bá já sómi, kí ọkọ̀ lè yí padà sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ ní kí onítajà fi bọ́tìnnì yìí hàn yín, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Ó ní iṣẹ́ mìíràn. Òfin ìpẹja ojú òkun ti ọdún 1992 ní orílẹ̀-èdè wa sọ pé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì ojú òkun márùn-ún sí etí òkun, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́sàn-án. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ni a fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ńlá bá ya àwọ̀n apẹja lóru, tí ó lọ fẹjọ́ sùn, "níbo ni?" ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Ẹni tí ó ní nọ́ńbà ibẹ̀ lọ́wọ́ ní èsì tí a lè kọ sílẹ̀. Kànga epo Ororo tún wà, tí iná sọ nínú omi tí kò jìn sí Awóyè ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Àwọn ibi bẹ́ẹ̀, àti òpó irin tí ó wà lábẹ́ omi, ni apẹja ń fi àmì sí kí ó lè yà fún wọn nínú òkùnkùn.

Nígbà tí mo ti mọ èyí, mo mú ọkọ mi kékeré dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́. Onítajà tan ẹ̀rọ kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ẹja ńláńlá ń wẹ̀ kọjá lójú rẹ̀, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ òféefèé. Àwọn tí ó wà nítòsí ń kígbe. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo ní, "Ọmọ mi, omi dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, àfihàn lásán ni, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti kó o sí." Àfihàn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe fi í ra ọjà. Bákan náà ni àwòrán ẹja kéékèèké tí ẹ̀rọ ń yà lójú ara rẹ̀: ìméfò ni. Ewé tí ń léfòó, ìfóòfó omi, gbogbo rẹ̀ ni ó lè sọ di ẹja. Ẹni tí ó gbọ́n máa ń pa á, á sì kọ́ láti máa ka ìlà tí ó tẹ̀ bí ọrun, èyí tí ẹja gidi ń fà bí ó bá gba inú ìró kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni a wá ń ṣàyẹ̀wò. Ìró 50 kHz máa ń rìn jìnnà sísàlẹ̀, ó sì fẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ohun kéékèèké hàn kedere. Ìró 200 kHz kò lè jìn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń ya nǹkan sọ́tọ̀ dáradára. Fún ọkọ̀ tí kì í jìnnà sí etí òkun, 200 ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ lè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé omi tí kò níyọ̀ ni iye tí a kọ sára páálí sábà máa ń tọ́ka sí; nínú omi iyọ̀, ó kéré sí i.

Ojú tí ó fẹ̀ ń jẹ bátìrì. Èyí tí ó kéré jù náà kò dára, nítorí oòrùn ọ̀sán lójú òkun kì í jẹ́ kí a rí lẹ́tà kéékèèké. Ínǹṣì 5 ni a fẹnu kò sí. A gbé e jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn kí a tó gbà, onítajà kò fẹ́, ṣùgbọ́n a gbé e jáde. Ọkọ mi kékeré fẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ pa lójú bíi fóònù. Mo ní, "Ọkọ mi, nígbà tí ọwọ́ yín bá tutù, tí ó sì kún fún ìyọ́ ẹja, ṣé yóò gbọ́?" Ó ronú, ó sì yan oníbọ́tìnnì. Ní ti àwòrán òkun, àwọn ẹ̀rọ kan ní i, owó wọn sì ga. Àwọn mìíràn, bíi Striker ti Garmin, ń fi àmì sí ibi tí a wà ṣùgbọ́n kò sí àwòrán òkun nínú wọn. Ẹni tí a bí sí etí òkun yẹn, tí ó ti ń tu ọkọ̀ níbẹ̀ láti kékeré, àmì àti ọ̀nà ìpadà ni ó nílò. A kò san owó àwòrán. Ẹ tún wá lẹ́tà IPX7 lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè wà nínú omi tí ó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbàjẹ́. Furuno, Lowrance, Humminbird, Garmin, gbogbo wọn ni wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èyí tí a lè rí etí rẹ̀ rà lọ́tọ̀ bí ó bá ṣẹ́ ni kí ẹ mú.

Etí yìí ni ó ń fa wàhálà jù, nítorí ọkọ̀ tiwa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìwé ẹ̀rọ lè sọ pé a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀, kí ìró gba ara ọkọ̀ kọjá. Ti ọkọ̀ fáíbà nìyẹn. Ìró kì í la pákó kọjá dáradára. Inú omi gan-an ni etí gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá sì kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí a ń fà gun iyanrìn lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ ṣẹ́. Bí ó bá sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù, ìfóòfó omi yóò bo ojú rẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ni ó bá wa yanjú rẹ̀: ó fi igi kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, tí a lè tẹ̀ wọnú omi, tí a sì lè gbé sókè nígbà tí a bá ń gúnlẹ̀. Bátìrì 12 volt ni ó ń lò. A gbé e sínú ike oníderí, a sì ní kí wọ́n fi fíúsì sí ojú wáyà. Omi iyọ̀ kì í fi wáyà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ni kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ fọ etí àti ojú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì nù ún.

N kò sọ pé kí gbogbo yín lọ ra á. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń pẹja nínú ọ̀sà àti odò kéékèèké, tí ó ń rí èbúté rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó fi owó rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe. Ẹni tí ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀ lójú òkun, tí ń padà lọ kó o láàárọ̀, GPS ọwọ́ lásán lè tó o, kò fi dandan nílò afẹjahàn. Àní fóònù tí ẹ ní lọ́wọ́ ní GPS nínú, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kìkì pé omi lè pa á, bátìrì rẹ̀ sì lè kú ní ọ̀sán gan-an. Ó sàn ju òfo lọ. Bí owó kò bá tó méjèèjì, GPS ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, nítorí ẹja ni wọ́n ń rò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti obìnrin. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, a sì lè jí i. Bí ó bá lọ, gbogbo àmì inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà aya ọkọ mi kékeré ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti dé, yóò bèèrè nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti pẹja, yóò kọ ọ́, yóò kọ ọjọ́, irú ẹja, iye agbọ̀n, àti pẹtiróòlù tí wọ́n jó. Láti inú ìwé yìí ni a ti rí i pé àwọn ibì kan tí wọ́n máa ń sáré lọ kò mú èrè owó pẹtiróòlù wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ẹ ti ń kọ nọ́ńbà náà. Ìṣẹ́jú kan ní ìhà àríwá sí gúúsù tó máìlì ojú òkun kan. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé dígíríì 6 àti ìṣẹ́jú 02.5, ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ nìyẹn, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ẹnìkan bá kà á sí ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 50, yóò fi ju 600 mítà lọ ṣì í, kò sì ní rí àwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àti fóònù wà lórí ìlànà kan náà, kí ẹ kọ àmì ìdá náà kí ó hàn.

Ẹja tí ó kọ́kọ́ fi san lára owó náà dé ọ̀dọ̀ mi ní Oǹdó ní ọjọ́ ọjà, agbọ̀n apọ̀ yíyan méjì. Ó kù díẹ̀ kí ó san án tán. Ìwé àkọsílẹ̀ ti di ìkejì báyìí. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rá ní ilé aya rẹ̀, lórí àjà ibi tí èéfín ìyanja kì í dé.